Ọkọ̀ Tí Mo Fi Bẹ Ìyá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ní Dubai, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Mo ti wọ̀ ọ́ débi pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èbúté ti dá mi mọ̀, wọ́n á ní, "Sister, you again?" Inú mi á sì dùn bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kí ń ra góòlù. Orí omi ni mò ń ná tèmi sí, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dúró sójú kan. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Jumeirah Lake Towers ń di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á pè ọ́ láàárọ̀ pé kó o wá gbé fíríìjì òun, òun ti ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n àìsàn ò mọ̀ pé owó wọ́n, torí náà iṣẹ́ tiwa ò dúró. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà ò rí èrò, ni wọ́n bá já owó wálẹ̀ débi pé ẹni bíi tèmi lè gbójú sókè wò ó. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún lọ, ó di bárakú.

Ìyá mi nìkan ni kò bá mi yọ̀. Aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ṣàgámù ló ń gbé, kò sì gbà pé ayé tí mò ń gbé níbí yìí, ayé ni. Bí mo bá pè é lórí fóònù, kò ní bi mí bóyá mo ti jẹun. Á ní, "Àjò kì í dùn kónílé má relé o. Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Bí aládùúgbò bá béèrè mi, á ní mo lọ síbì kan, mo ń bọ̀ láìpẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, "láìpẹ́" ò yí padà. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn wa bi mí bóyá màá fi ọdún mẹ́ta sí i. Ó wù mí, ó wù mí gan-an ni! Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró kí ìyá mi máa kárí sọ lẹ́yìn mi. Ìre rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo ní kó wá kí mi, mo sì sanwó ọkọ̀ ojú omi fún àwa méjèèjì. Mo ní bó bá rí ohun tí mo ń rí, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Bí kò bá rọ̀, màá tẹ̀ lé e lọ sílé. Mo ti pinnu.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti físà, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣubú. Àwa tí físà iṣẹ́ wà nínú ìwé ìrìnnà wa kì í rántí. Àlejò tí ẹ bá pè wá, bí ọkọ̀ bá ti gbé e kúrò ní Dubai dé Muscat, tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ó ti jáde nílùú nìyẹn. Bí físà rẹ̀ bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré, kò lè padà wọlé mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Bur Dubai, bedspace ló ń gbé, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá ọlọ́pọ̀ èèyàn, tó tu owó jọ láti fi gbé ìyàwó rẹ̀ gbafẹ́ nígbà tí ìyàwó wá kí i láti Ìbàdàn. Èbúté ni wọ́n ti sọ fún wọn pé físà ìyàwó ò gbà á láyè láti padà wọlé. Tọkọtaya dúró, wọ́n ń wo ọkọ̀ bó ṣe ń lọ. Físà tó gba kéèyàn wọlé kó jáde lọ́pọ̀ ìgbà ni kí ẹ gbà fún àlejò yín. Khalas, ó parí.

Èkejì, ẹ tètè kúrò ní Sharjah. Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ìgbéyàwó tí wọ́n á máa dúró de ẹbí. Lọ́jọ́ tiwa, mo ti gbé báágì sẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ṣì wà níwájú dígí, ó ń wé gèlè. Ó ní òun ò ní í lọ bá omi lálejò pẹ̀lú orí òfìfo. Ara mi gbóná. Mo sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ á lọ o!" Ó ní, "Kó máa lọ. Ṣé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é?"

A bá ọ̀nà tó dí. A já sí Al Baraha, a yà síhà èbúté, ọkọ̀ náà sì yọ lójijì, funfun, ó ga ju gbogbo ilé tó wà nítòsí lọ. Èmi tí mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, àyà mi ṣì ń lù kìkì. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Ilé nìyẹn," ó ní.

"Ọkọ̀ ni, Mọ́mì."

"Irú eléyìí á rìn?"

"Á rìn."

Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o." Ojú kì í kúkú rí arẹwà kó má kì í. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú mi, mo sì rò ó pé mo ti borí.

Ẹ̀rín yẹn yá jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti báágì: àwọn alágbàrù á gba ẹrù ńlá lọ́wọ́ yín ní èbúté, ó sì lè pẹ́ kó tó dé yàrá yín. Oògùn yín, ìró kan àti kaadígàn, ẹ kó o sínú báágì kékeré tí ẹ máa gbé fúnra yín, torí òtútù inú ọkọ̀ yẹn ò ṣe é bá ṣeré. Mi ò rántí ṣàlàyé fún ìyá mi. Nígbà tí alágbàrù na ọwọ́ sí báágì rẹ̀, ìyá mi di báágì mú, arákùnrin náà ń fà á, ó ń sọ pé, "Yalla, Mama, safe, safe!" pé kó yára, kò séwu. Ìyá mi ń pariwo pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí! Ẹ gbà mí o!" Èmi ni mo tú wọn ká.

Yàrá tí mo gbà wà nísàlẹ̀, láàárín ọkọ̀, kò ní fèrèsé. Èyí tó wọ́n ń bẹ lókè, àwọn olówó ló ń jìjàdù rẹ̀, òkè náà ló sì ń mì jù. Oorun nìkan ni yàrá wà fún. Kí ni ẹ fẹ́ fi fèrèsé ṣe nígbà tí ojú òkun gan-an wà lóde lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ mú atalẹ̀ dání nítorí èébì, ẹ sì di ata gígún sínú ọ̀rá, torí ọbẹ̀ wọn ò mọ̀ pé wọ́n dá ata sáyé.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n máa ń fọn fèrè, gbogbo èèyàn á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wọ́n á fi ibi tí wọ́n máa sá sí hàn yín. Ẹ̀kọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí fèrè ṣe dún, ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Ó ti ń rì?" Mo ní rárá. Ó ní, "Bí kò bá rì, kí ni wọ́n ń wọ ẹ̀wù sí?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì burú. Kò bọ́ ẹ̀wù náà mọ́. Ó wọ̀ ọ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò jáde, kò jẹun. Ó ní, "Gbé mi padà. Bí o sì ti ń gbé mi padà, kó ẹrù tìrẹ náà." Ìbànújẹ́ bò mí. Mo jókòó tì í, mò ń ronú bí màá ṣe lọ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé mi ò ṣe mọ́.

Ebi ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ kejì, ó tẹ̀ lé mi lọ jẹun. Ìmọ̀ràn mi tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ má sá lọ síbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fúnra ẹni lálaalẹ́. Ẹ gba tábìlì tí wọ́n bá pín yín sí, kí ẹ jókòó ti àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí. Tábìlì tiwa, ará Íńdíà méjì la bá níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tajà ní Bur Dubai àti ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó náà wọ sárì aláwọ̀ ewé. Ìyá mi ò wo oúnjẹ. Ìṣẹ́tí sárì ló ń wò. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ó ti na ọwọ́, ó gbá etí aṣọ náà mú, ó yí i padà láti wo ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀, ó ní, "I make. My hand." Ìyá mi bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sí abẹ́ àga, ó ní, "Me too. Tailor."

Ó parí! Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ìyá mi mú mọ́. Èmi ọ̀jáfáfá ọkọ̀ ojú omi di ẹni tó ń dá jókòó, àwọn ìyá méjì ń fi ọwọ́ àti gẹ̀ẹ́sì kéékèèké sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ní Muscat, mo ní kí wọ́n má ra ìrìn àjò ìgbafẹ́ tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀, kí a jọ gba tákísì kan, kí a sì tètè padà. Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ti wọnú ọjà, wọ́n ń yan òwú, ìyá mi ń na aláwọ̀ búlúù kan sójú oòrùn pẹ̀lú ìdùnnú ọmọdé. Ní alẹ́ tí gbogbo èrò ń múra dáadáa, ó wọ àdìrẹ, àwọn ayàwòrán inú ọkọ̀ rọ́ bò ó. Mo ti kọ́ ọ pé àwòrán wọn wọ́n. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, "Snap. No buy." Mo fẹ́ fò sókè!

Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ìyá arúgbó náà ń ṣàlàyé fún un. "Winter, I come, my son house. Summer, I go my village. Again I come."

"Where you sleep?" ni ìyá mi bi í.

"My room. My box, my bed, there only."

Ìyá mi sún mọ́ ọn. Ó tún bi í, "Your own room?" Ìyá náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fi sọ́kàn. Ohun tí màá fi bẹ̀bẹ̀ ni mò ń tò lẹ́nu.

Ọkọ̀ gbé wa padà sí Dubai láàárọ̀. Wọ́n dì mọ́ra wọn ní èbúté, wọ́n sunkún, a wọ tákísì. Ọ̀nà Sharjah dí bó ṣe máa ń dí. Mo ní bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní í sọ ọ́ mọ́.

"Mọ́mì, wọ́n ní kí n fi ọdún mẹ́ta sí i níbi iṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Kò wojú mi. Ìta ló ń wò. "Kí ni wọ́n kọ sára àwọn ilé yẹn?"

"Pé yàrá wà fún rẹ́ǹtì. Àwọn èèyàn ti lọ, owó ilé ti wálẹ̀."

"Ó wálẹ̀ dáadáa?"

"Dáadáa, mà."

"Kí wá lò ń fi yàrá kan ṣoṣo ṣe? Wá oníyàrá méjì. Mi ò lè máa sùn sórí àga rẹ lọ́dọọdún."

Nínú gbogbo rẹ̀, "lọ́dọọdún" nìkan ni mo gbọ́. Mo bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn, mi ò lè dá èyíkéyìí dúró. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó ní, "Sister, problem?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn. "No problem," ó ní. "She is looking for house."