Sọ́rì Tí Mo Sọ Nítorí Kọfí Ẹlòmíràn

Ọmọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, pé ó ti pẹ́. Òótọ́ ni, ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ mí ṣì ń jẹun, wọ́n ṣì ń sùn dáadáa, ẹni tó sì gbà mí kò sí láyé mọ́ láti sọ tirẹ̀. Nítorí náà èmi ni n ó sọ ọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí Houston ń tú ká bí ọjà tí òjò ká mọ́, mo ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Greenspoint. Wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn tó ń wa epo, èmi ni mo sì ń tọ́jú àwọn àwòrán náà. Ìtọ́jú ìwé ni mo kà gboyè nílé kí n tó wá. Ẹnikẹ́ni kò lè mú bébà kan kúrò nínú yàrá yẹn kí n má mọ̀. Bàbá ọmọ mi ti kó lọ sí Rosenberg nígbà náà, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní àwọn jọ ń gbàdúrà. Ìyẹn ní orí tirẹ̀ níwájú nínú ìwé yìí. Èmi àti ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló kù nínú apartment.

Obìnrin tó ń tún ọ́fíìsì wa ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n máa ń lọ aṣọ iṣẹ́ wọn débi pé ìlà ṣòkòtò wọn lè gé búrẹ́dì. Àwọn mìíràn a fi omi korobá kan ṣoṣo nu gbogbo ilẹ̀ àjà kan. Ìyá yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì, wọ́n á da omi nù, wọ́n á pọn mìíràn, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kò wò wọ́n. Mo ti bá àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí gígùn ṣiṣẹ́, n kò tíì rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, korobá wọn bọ́ lù wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo wà ní ìkángun kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ké láti ibẹ̀ pé, "Sọ́rì! Sọ́rì, mà!"

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lo ṣe?"

"N kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Kí wá ni sọ́rì?"

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Láti ọjọ́ náà ló ti di eré láàárín wa. Tí wọ́n bá sín, n ó ní, "Sọ́rì, mà," wọ́n á ní, "Kí lo ṣe?", n ó ní n kò ṣe nǹkan kan, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mi, òyìnbó kan tí kì í rìn láìmú kọfí dání, ló fúnra rẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun mímu wọ yàrá àwòrán. Lọ́jọ́ kan ó gbé kọfí wọlé. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá tábìlì, kọfí sì dà sórí àwòrán oníbàárà kan tí kò ní èkejì. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: "Ha! Sọ́rì, sà! Sọ́rì, sọ́rì!" Mo fa síkáàfù ọrùn mi yọ, mo fi ń nu àwòrán náà.

Ẹni méjì ló wà níbẹ̀. Ìyá náà ń da ìdọ̀tí nù lọ́wọ́. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń ya àwòrán níléeṣẹ́ náà. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó sì jẹ́ alàgbà ní ìjọ Aládùúrà tí a jọ ń lọ. "Wọ́n" ni mo ń lò fún un nígbà náà. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Mo ti san gbogbo "wọ́n" tó jẹ mọ́ tirẹ̀ tán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fún mi ní lẹ́tà. Wọ́n ní mo ba ohun ìní oníbàárà jẹ́, mo sì jẹ́wọ́ níṣojú ẹni méjì. Wọ́n lé mi.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní owó ìrànwọ́. Kóòtù mi tó dára jù ni mo wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá ṣagbe. N kò mọ̀ pé gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹnjiníà de táì, wọ́n gbé báàgì ìwé dání, bí ẹni pé ìpàdé ni wọ́n ń lọ. Mo kọ fọ́ọ̀mù. Nígbà tó yá èsì dé: rárá. Ẹni tí a lé nítorí ìwàkiwà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ṣùgbọ́n mo lè pẹ̀jọ́, kí adájọ́ kan ní ọ́fíìsì kan náà gbọ́ tẹnu mi. Bí òun náà bá ní rárá, a ó kó kúrò nílé nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà "ìwàkiwà" yóò sì máa ṣíwájú mi dé ibikíbi tí mo bá ti wáṣẹ́.

Mo lọ bá alàgbà nílé. Mo kúnlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kó wá sọ fún adájọ́ náà pé sọ́rì lẹ́nu tiwa kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, pẹ̀lẹ́ ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nílé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Sístà," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fọwọ́ wọ́nú."

"Ẹ̀yin náà rí i, sà. Ọ̀gá ló da kọfí rẹ̀."

"Mo rí i, n kò rí i. Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń sọ sọ́rì sí? Ṣé Ìbàdàn la wà ni?" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti kíṣìnnì. "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Ẹ má kó bá mi. Owó ọ̀lẹ sì tún ni, Sístà. Irú wa kì í gba owó àánú."

Ó gbàdúrà fún mi kí n tó lọ. Àdúrà náà gùn.

Ní ti ìyá náà, n kò bẹ̀ wọ́n. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Ọjọ́ wo ni?"

"Kí ni, mà?"

"Ọjọ́ tí adájọ́ máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Sọ kíá, ìrẹsì mi wà lórí iná."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá, àkẹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò àti ìbọ̀wọ́ funfun. Ọ̀gá mi ka lẹ́tà rẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọrọ ìdáríjì. Adájọ́ kọjú sí mi.

"Ṣé o sọ sọ́rì?"

"Mo sọ ọ́, sà."

"Kí ló dé, bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà "pẹ̀lẹ́" bí olùkọ́, mo ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ sára aago.

Ìyá náà bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. "Sà, tí mo bá sín, obìnrin yìí á sọ sọ́rì. Korobá mi ṣubú, ó sọ ọ́, ó sì jìnnà sí mi bí ibí ṣe jìnnà sí títì. Nígbà tí àbúrò mi kú ní Louisiana, ó sọ ọ́. Ṣé òun ló pa á?"

Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀. "Ta ló da kọfí, mà?"

"Ẹni tó ni kọfí ni. Èmi ni mo nu ilẹ̀ ibẹ̀. Mo máa ń mọ ẹni tó da ohun tí mo bá ń nù."

"Ṣé ẹ rántí pé ọ́fíìsì ọkùnrin yìí lẹ ń tún ṣe?"

"Mo rántí. Lọ́la màá tún un ṣe, ó sì máa mọ́."

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tó tó gbólóhùn yẹn.

Èsì dé nínú lẹ́tà: mo jàre. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ ìwàkiwà rẹ́, owó ìrànwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé títí mo fi ríṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí bàtà kì í wọ̀, mo fi ìka ẹsẹ̀ gbá àga onírin. Alàgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Háà, sọ́rì o, Sístà!"

Mo yíjú sí i. "Kí lo ṣe?"

Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ "lo" yẹn. 

"O ní sọ́rì. Mo ní, kí lo ṣe?"

Àwọn ará ìjọ ní wọn kò kọ́ mi nílé. Àwọn obìnrin kan kò kí mi mọ́ títí mo fi kúrò ní ìjọ náà. Títí di òní, n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí ìyẹn. Mo lọ sí Greenspoint láti lọ kí ìyá náà, àwọn ará ọ́fíìsì ní wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ti fóònù àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì ti gbé wọn lọ sí Clear Lake, ìkángun kejì ìlú, tí ìyá náà fi ń wọ bọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ orí yẹn. Àwọn fúnra wọn kò sọ ọ́ létí mi rí. Mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi.

"Sọ́rì, mà," mo ní.

Wọ́n gbójú sókè bí ìṣe wọn. "Kí lo ṣe?"

Mo mọ ìdáhùn tó kàn. Kò jáde.

Wọ́n nawọ́ sí kíṣìnnì. "Ó dáa, tí o bá ti mọ ohun tí o ṣe, lọ gbé kẹ́tù omi gbígbóná wá. Omi yìí ti tutù."

Mo lọ gbé e wá.