Orí Ọkọ̀ Tí Màmá Àgbà Wọ́n Omi Sí

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ooru tún gbóde ní Abidjan, mo bá ní kí n tan fáànù iyàrá mi ní Koumassi, èyí tí mo ti fi aṣọ bò láti ìgbà òjò. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. N kò tíì jókòó tí òórùn kan fi jáde láti inú rẹ̀, òórùn eruku gbígbóná tó dà pọ̀ mọ́ ti òróró ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn ì bá sáré pa á. Èmi jókòó ní tèmi, mo ń fa òórùn náà símú bí ẹni tí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń ta sánsán sí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ṣe máa ń rùn, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn, ẹkún ni mo ń sun.

Treichville ni wọ́n bí wa sí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù, tí gbogbo àgbàlá ń pè ní Múfú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, ìkòkò àti abọ́ tánganran ló ń tà lọ́jà, òun àti ìyá wa. Ìyá tó bí Bàbá, Màmá Àgbà, ló ń mójú tó wa nílé. Ìkómọ mi ló wá jẹ ní Abidjan, ó sì gbàgbé láti padà. Àgbàlá wa kò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, gbogbo abọ́ inú ilé á máa gbọ̀n, Màmá Àgbà á sì dá ọkọ̀ lóhùn láti orí ẹní rẹ̀ pé ó ṣeun, a ti gbọ́, kó máa lọ.

Obìnrin òyìnbó kan wà tó jẹ́ oníbàárà ìyá wa. Nígbà tó ń kó lọ sílùú rẹ̀, ó fi páálí kan ta wá lọ́rẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ojú irin kékeré tó ṣeé tò pọ̀ yíká bí òrùka, wágọ̀nù mélòó kan tó ní fèrèsé, àti àpótí iná tó ń sọ iná ilé di èyí tí kò lè gbé ọmọdé. Kò sí orí ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀ńjìnnì tó yẹ kó máa fa àwọn wágọ̀nù náà. Bóyá ọmọ rẹ̀ ti fọ́ ọ, àwa ò mọ̀. Ọwọ́ la fi ń ti ọkọ̀ wa, Múfú á sì máa fi ẹnu hó bí ẹ̀ńjìnnì títí itọ́ fi máa gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán orí ọkọ̀ náà wà nínú páálí yẹn, lórí ìwé kan tó ń dán, wọ́n sì kọ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà ní èdè Faransé. Múfú máa ń kà á fún mi nírọ̀lẹ́ bí ẹni ń kéwú. Àwọ̀ ewé ni. Bó bá ń lọ síwájú, iná funfun á tàn níwájú rẹ̀, pupa á tàn lẹ́yìn. Bó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, àwọn iná náà á gbapò ara wọn. Ìkọ́ rẹ̀ á fúnra rẹ̀ mú wágọ̀nù. Ó ní apá méjì lórí òrùlé, tó ṣeé nà tó sì ṣeé ká bí itan ìrẹ̀. Ó lè gba iná láti ara irin tó ń tẹ̀, ó sì lè gbà á láti ara okùn waya tí wọ́n ta sókè. Ọkọ̀ tó ń kọjá nítòsí wa kò ní apá, epo ló ń jó, kò sì sí waya kankan lókè ojú irin ìlú wa. Múfú ní apá yẹn wà láti fi kí àwọn èrò ibùdókọ̀. Nígbà tá a bi Bàbá, ó wo àwòrán náà fínnífínní, ó ní ibẹ̀ làwọn oníṣòwò ń so ẹrù mọ́. Ní ti gbígba iná, a gbà pé ọkọ̀ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ á mọ ibi tí òun fẹ́ ti gbà á.

Ìbátan ìyá wa kan, Tonton Wàídì, ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun. Ó rí wa lọ́jọ́ kan tá à ń fi ẹnu wa ọkọ̀, ó ká ìwé náà sápò, ó ní òun á wá irú rẹ̀ rí nílùú òyìnbó, bó bá di ìgbà tí òun tún padà wá. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti ní ìsinmi mọ́.

Àárín ìgbà yẹn ni àlejò kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, àgbàlagbà tí Bàbá pàápàá ń dọ̀bálẹ̀ kí. Ó kí Múfú. Múfú na ọwọ́ sí i kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó ní, "Ça va bien, et vous?" Ìyẹn ni pé dáadáa ni, ẹ̀yin náà ńkọ́. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá o, kò sí ohun tí à ń sọ tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń fèsì ohun gbogbo. Àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kéde pé bí ọlidé bá ti parí, Múfú á lọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá wa àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó lè mọ ilé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di adìẹ bà lókùn nìyẹn. Orí ọkọ̀ ń bọ̀, Múfú ń lọ, a ò sì mọ èyí tí yóò ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ Bàbá pé kó má ran òun lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí òun fojú rí i kó yí po lẹ́ẹ̀kan kí òun tó lọ. A máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, a máa ń tẹ́tí sí fèrè ọkọ̀ òkun láti ìhà èbúté. Wọ́n ní ọkọ̀ Tonton wà ní Dakar. Wọ́n ní ó ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti dé, ṣùgbọ́n kò tíì ráyè wọlé, ó ṣì ń dúró lójú òkun. Ìyá wa ń di ẹrù Múfú sí àpótí, Múfú ń tò ojú irin sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń tú u, ó tún ń tò ó.

Màmá Àgbà pàápàá kò jẹun dáadáa mọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, Sùlé, ti gbé lọ́dọ̀ wa rí. Ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé, ó fi ẹ̀rín jáde, ó ń juwọ́ sí gbogbo àgbàlá. Láti ilé ó gba òkè Ọya lọ, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Màmá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó ti ilé dé tí kò ní béèrè Sùlé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀la tí Múfú máa lọ ni Tonton Wàídì tó yọ lẹ́yìn ìrun Alásárì, tòun ti páálí lábẹ́ abíyá. Ẹ̀gbọ́n mi já páálí náà, ó gbé orí ọkọ̀ jáde. Orí ọkọ̀ náà wúwo ju bí a ṣe rò lọ, ó tutù, apá rẹ̀ ká, ó sì nà bí ìwé ṣe wí. Múfú ti fẹ́ gbé e sórí irin nígbà tí Màmá Àgbà ní kó dúró. Ó ní ọkọ̀ tuntun kì í bọ́ sójú ọ̀nà láìgbàdúrà sí i. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ààfáà tó wà ní àgbàlá kejì. Ààfáà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbàdúrà. Màmá bá gbé ìgò hàǹtú rẹ̀ jáde, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lójú wàláà. Ó wọ́n ọn síwájú, ó wọ́n ọn sẹ́yìn, ó sì da èyí tó kù sórí òrùlé, bó ṣe ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù bàbá wa àgbà lọ́jọ́ kìíní. Omi náà wọ inú ihò ara rẹ̀ lọ. Gbogbo wa rí i. Ta ló fẹ́ di ìyá àgbà lọ́wọ́ mú?

Múfú fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún gbẹ. Ó gbé e kalẹ̀, ó so wágọ̀nù mọ́ ọn, ó yí bọ́tìnnì àpótí iná. Kò mira. Ó yí i dópin. Iná iwájú kò tàn, tẹ̀yìn kò tàn. Ó gbé e, ó tún un gbé kalẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"C'est gâté," ló wí nígbẹ̀yìn. "C'est elle, avec son eau."

Ó fi Faransé wí i pé ó ti bàjẹ́, àti pé Màmá àti omi rẹ̀ ló bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìgò ọwọ́ Màmá ló nàka sí, àwọn tí kò gbọ́ Faransé náà gbọ́ ìyẹn. Bàbá dìde láti gbá a létí. Màmá Àgbà ló di Bàbá mú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá ní kó dọ̀bálẹ̀ gba àdúrà ìrìn àjò. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí ní gbogbo ìgbà tí Màmá fi ń wúre lé e lórí. Màmá wúre pẹ́. Nígbà tó parí, Múfú bọ́ sínú ọkọ̀, kò wẹ̀yìn.

Ó tó oṣù kan kí n tó lè wo páálí yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo gbé orí ọkọ̀ náà jáde, mo dojú rẹ̀ dé kí n lè fi aṣọ nu ìdí rẹ̀, èékánná mi sì kan irin tín-ín-rín kan níbẹ̀. Ó sún láti ọ̀tún sí òsì. N kò ronú ohunkóhun, mo kàn gbé e sórí irin, mo yí bọ́tìnnì. Iná funfun tàn. Ó rìn. Ó ń yí po, ó ń kọrin wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, òórùn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú rẹ̀, òórùn eruku àti òróró. Ìgbà náà ló yé mi. Láti ibi tí wọ́n ti rà á ni wọ́n ti sún irin yẹn síbi tí ọkọ̀ á ti máa fi apá rẹ̀ gba iná lára waya òkè, waya tí àwa kò ní. Omi kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo bú sẹ́kún, nítorí Múfú kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ẹkún. Mo ní Alhaja kan ń lọ sílé láìpẹ́, ká sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí Múfú lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi Màmá. Ó ní kí n pa ọkọ̀ náà ná. Ó jókòó tì mí.

"Ẹ̀rín ni Sùlé fi jáde nílé yìí," ló wí. "Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ tó ń dùn ún. Jẹ́ kí ọkọ mi máa bínú sí mi. Ẹni tó ṣì ń bínú síni kò tíì gbàgbé ẹni."

Mo ní, "Wọ́n á máa rò pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Ó ní kí wọ́n máa rò ó. Ó ní kí n sún irin náà padà síbi tó wà. Mo sún un padà, mo ṣèlérí pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì fi gèlè rẹ̀ wé orí ọkọ̀ náà bí ọmọ tuntun.

Kásẹ́ẹ̀tì Múfú máa ń dé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Á kí Bàbá, á kí Màámi, á kí mi, Yorùbá rẹ̀ ń ki sí i, títí Bàbá fi ń fi ṣe yangàn lọ́jà. Níkẹyìn á béèrè orí ọkọ̀ rẹ̀. Á ní kí wọ́n bá òun sọ fún Màmá kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, òun ń bọ̀ wá tún un ṣe fúnra òun. Màmá Àgbà á ní ká dá ibẹ̀ padà, ká tún un gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ra nǹkan tuntun nílé wa, wọ́n á fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má bu omi sí i. Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí.

Múfú jáde ilé ìwé, ó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò. Ẹ̀rù sì ń bà mí lọ́dọọdún pé á fẹ́yàwó síbẹ̀, pé ìbínú rẹ̀ á tán, pé Màmá á kú kó tó dé. Ojú Màmá ti ń ṣú. Mo ti di ìyàwó ojú ọ̀nà kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, irùngbọ̀n lẹ́nu, àpò irinṣẹ́ léjìká. Ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo ilé. Ó kí Màmá Àgbà náà, àmọ́ kò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tíì mu omi tó fi ní kí n gbé orí ọkọ̀ náà wá.

Ó tẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tú gèlè, ó dojú orí ọkọ̀ dé, ó ń wò ó. Ó wò ó pẹ́. Kò tú nọ́ọ̀tì kankan. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ síbi irin tín-ín-rín yẹn, ó sún un, ó gbé ọkọ̀ sórí irin, iná funfun sì tàn. Ó jẹ́ kó yí po dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ta ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àga Màmá Àgbà ni mo wò.

Màmá ti gbé etí sí ìró náà. "Ó ń ṣiṣẹ́?" ló béèrè. "O ti tún un ṣe?"

Múfú na gbalaja sílẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré yẹn sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

Màmá Àgbà wá orí rẹ̀ kiri pẹ̀lú ọwọ́ títí ó fi bà á. "Kí lo fi ṣe mí?" ló wí. "Ṣebí o ti dé."

Ó ti pẹ́ tí Màmá Àgbà ti lọ. Múfú ti di bàbá àgbà ní Abobo, ojú irin ṣì ń gba Treichville kọjá, àwọn ọkọ̀ tó ń gbà á kò sì tíì ní apá. Àwọn ọmọ tèmi wà ní Paris àti ní Montréal. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wọn lọ, wọn kì í rán kásẹ́ẹ̀tì, ojú wọn gan-an ni mò ń rí nínú fóònù. Wọ́n á bi mí nípa ara mi, wọ́n á bá mi ṣeré, wọ́n á fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Bí mo bá béèrè ìgbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n á ní láìpẹ́, Maman, láìpẹ́. Wọ́n jẹ́ ọmọ gidi, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ti pa fóònù, mo máa ń wo yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀, mo máa ń wá bóyá n ó rí nǹkan wọn kan tí mo lè bu omi sí. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ tán. Kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń bínú sí mi.