Ọjọ́ Tí Bùsírátù Pa Ẹnu Mọ́ Létí Òkun

Ọwọ́ Bùsírátù kì í funfun. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa aṣọ láró ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú, kò sì sí ibi tó lè jókòó sí kó má sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nílé ọ̀fọ̀ pàápàá, ó ti fọwọ́ kan aṣọ opó rí, ó ní wọn kò jẹ́ kó mu aró tó.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú Mùsílíù ọkọ rẹ̀. Ìkẹjà ni Mùsílíù ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, òkùnkùn ló sì fi ń kúrò nílé wọn ní Ìjẹmọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló lè rójú ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni àwọn oníbàárà ń ti Èkó ya wọ Ìtòkú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú Ṣùkúrátù ọmọ wọn lọ sétí òkun ní Àgbádárìgì, ó bá ìyàwó rẹ̀ dá májẹ̀mú.

“Ìyá Ṣùkúrá, bí o bá lè lo òní láìsọ̀rọ̀ aṣọ tàbí aró títí a ó fi padà délé, n kò ní sọ nǹkan kan sí ọjà ọjọ́ Àìkú rẹ mọ́. Bí o bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, o ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn.”

“Ṣé ẹ rò pé mi ò lè ṣe é ni, Baba Ṣùkúrá? Mo gbà.”

Kí wọ́n tó dé Ìfọ̀, ó ti bu ètè jẹ. Obìnrin kan kọjá nínú àdìrẹ tó ti ṣá. Ṣùkúrátù ní, “Mọ́mì, ẹ ò rí aṣọ yẹn ni?” Bùsírátù ní igi ẹ̀bá ọ̀nà ni òun ń wò.

Wọ́n dé etí òkun, wọ́n jẹun tán, Ṣùkúrátù bá figbe ta. Nínú omi tó dágún sáàárín àwọn òkúta tí wọ́n fi dínà ìgbì, nǹkan kan wà tó rí bí ìgbín tó fi ìkarahun rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ó tóbi tó bàtà, ohun méjì sì yọ lórí rẹ̀ bí etí ehoro.

“Ó ti kú,” ni Mùsílíù wí, pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé e sókè kí ọmọ lè yà á ní fọ́tò.

Ẹ̀dá náà kò kú. Ó tú omi kan jáde, elésè àlùkò tó ń dán, ó sì dà á sára jàlàbíà funfun tí ìyá Mùsílíù rà fún un bọ̀ láti Mẹ́kà.

“Yéè!” Mùsílíù dá a padà sómi. “Ìyá Ṣùkúrá, ṣé èyí máa lọ?”

Bùsírátù ya ẹnu, ó pa á dé.

“Ìwọ ni mò ń bi! Ṣé ọṣẹ ni kí n fi sí i?”

“Baba Ṣùkúrá, ìgbì òkun yìí mà dára o.”

“Ṣé o fẹ́ kí màmá mi pa mí ni?”

“Ẹ ò rí àwọn ẹyẹ yẹn?”

Ẹ̀rín ti gbé Ṣùkúrátù jókòó sínú iyanrìn. Ṣùgbọ́n ara ń ta Bùsírátù. Àwọ̀ tí kò rí nínú ìkòkò aró kankan rí ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ sì kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Ó rántí ọjọ́ Àìkú, ó gbé itọ́ mì.

“Ó dáa, o borí!” ni Mùsílíù kígbe. “Máa lọ sọ́jà rẹ. Ṣùkúrá, ìwọ ni ẹlẹ́rìí.”

Kò tíì dákẹ́ tí Bùsírátù fi di jàlàbíà náà mú. “Ẹ bọ́ ọ kíá, ẹ má fọwọ́ ra á! Kò sí sóódà tó ń jẹ́ kí aró mú aṣọ nínú rẹ̀, kò sì tíì gbẹ. Omi lásán á gbé e lọ.” Omi sì gbé e lọ lóòótọ́. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi dé Ìjẹmọ̀, aró ló ń sọ, ọkọ rẹ̀ sì jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Bùsírátù àti Ṣùkúrátù jáde lọ sọ́jà láàárọ̀. Mùsílíù mú ìlérí ṣẹ, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, Bùsírátù ti mú ọmọ rẹ̀ padà wọlé.

“Ọjà ò yá,” ló wí, ó ń tú gèlè.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èrò Èkó kún Ìtòkú lọ́jọ́ náà débi pé ọ̀kadà kò rọ́nà kọjá. Ṣùkúrátù wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì lọ gbé omi ẹ̀bà kaná.