Fèrèsé Tó Kọjú sí Òkè

Àwọn méjì tó wá bá mi ní ọ́fíìsì ní Owena láàárọ̀ ọjọ́ náà kò wọ aṣọ ọlọ́pàá. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni iṣẹ́ mi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè. Ọlọ́pàá tó bá wọṣọ wá, mo ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀: yálà wọ́n rí ọmọ he lójú títì, tàbí tọkọtaya kan ń fa ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ nílé kó tó wá, ọ̀rọ̀ tó gbé dání máa ń wúwo.

Obìnrin ni ọ̀kan nínú wọn, Àbújá ló ti wá. Ọkùnrin ni ìkejì, Àkúrẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọmọ àdúgbò Aládé ní Ìdànrè wa níbí ni, mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Obìnrin náà ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọlọ́pàá ìlú kan lókè òkun mú ọkùnrin kan tó ń ra àwòrán ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú àwòrán tí ẹnu mi kò gbà láti sọ. Nínú ohun tí wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n rí ọmọbìnrin kan tí wọn kò mọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì wọn lọ́hùn-ún tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ara ògiri, bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, bóyá yóò lè mọ ibi tí ọmọ wà. Òun ló rí òkè kan lójú fèrèsé. Wọ́n gé òkè náà yọ, wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn títí ó fi dé Àbújá. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti wò ó tó ní, "Èyí mà jọ Ìdànrè."

"Ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni yẹn, mà," obìnrin náà wí. "Àwòrán tuntun ṣì ń jáde."

Ó gbé fọ́tò kan síwájú mi. Wọ́n ti fi dúdú bo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó kù kò ju apá kan ògiri aláwọ̀ ewé, kọ́tìnnì tí wọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ kan, fèrèsé onígíláàsì tó ní irin, àti òkè.

Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ Ìdànrè ní òkè. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ ìrìn ìyá mi. Apá kan rẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀, apá kejì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ibi tí wọ́n fi àdá gé. Láti Òdodé tí à ń gbé, ọwọ́ ọ̀tún ni ibi tó já wálẹ̀ yẹn máa ń wà. Nínú fọ́tò náà, ọwọ́ òsì ló wà.

"Ẹ̀yìn òkè ni!" Ọmọ Aládé ti sọ ọ́ kí n tó lanu. "Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ro oko kòkó ni. Mo ti mọ̀ pé kò lè jẹ́ ọmọ ìlú."

Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú yẹn sì bí mi nínú. Àwọn tó ń wí yìí, Yorùbá bí àwa náà ni wọ́n. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa ro kòkó, a sì jọ ń pín ohun tó bá ti inú oko jáde. Wọ́n ń gbé lẹ́yìn òkè pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, síbẹ̀ bí adìẹ bá sọnù ní Ìdànrè, ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́kọ́ ń wá a.

Mo ní, "Ta ni nínú wọn tó ní fèrèsé onígíláàsì? Pákó ni gbogbo wọ́n fi ń dí ojú fèrèsé."

"Mà, òkè kì í purọ́."

Ojú èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkè yẹn ní òdìkejì, àfi kó lọ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò kó ọkọ̀ àti èèyàn jọ láti Àkúrẹ́, wọn yóò sì lọ tú gbogbo ilé tó wà lóko náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó gun ọ̀nà oko, gbogbo Ìdànrè á ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ẹni tó mú ọmọ yẹn sílé bá gbọ́, yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́, yóò sì gbé ọmọ náà lọ síbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o mọ́.

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ọkọ mi pàápàá. Mo gbé e sínú délé. Ọmọbìnrin mi ti lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ilé-ìwé, dé, ó ju báàgì sórí àga, ó ń wá ohun tó máa jẹ. Mo ń wò ó ṣáá. Mo bi í bóyá ẹnì kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Màmá, báwo?" Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ jẹ ẹ̀wà òun.

Òòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Èkó pẹ̀lú fídíò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára nínú ilé wa, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà pé ojú mi ti rù, pé iṣẹ́ ìjọba kò yẹ kó pa mí. Bó ṣe ń sọ ọ́, mo wo ara mi nínú àpótí kékeré tó wà ní igun fóònù. Mo rí òkè lẹ́yìn mi. Ọwọ́ òsì ni ibi tó já wálẹ̀ wà.

Mo yíjú wẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà, níbi tó ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo tún wo fóònù, ó tún wà lósì. Mo gé ìpè mọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí, ohun tí ẹnì kankan kò dán wò rí nílé bàbá wa.

Mo pe obìnrin Àbújá, ó sì gbé e kíákíá. Mo ní, "Ẹ̀yìn òkè kọ́! Fóònù ló yí i padà bíi dígí. Bí ẹ bá yí i padà, bí àwa ṣe ń wò ó nìyẹn. Òdodé ni!" Ó ní òótọ́ ni, fóònù míì wà tó jẹ́ pé bí ó ṣe fi hàn nínú kámẹ́rà iwájú náà ló ṣe máa tọ́jú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ sínú àwòrán náà tí ì bá ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ti yí padà. Ó ní kí n ya òkè náà ránṣẹ́ láti ibi tí mo dúró sí.

Mo yà á ránṣẹ́ sí i, òun náà sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wo ògiri lókè òkun. Èsì padà dé pé òkè ni, ṣùgbọ́n ipa dúdú tí omi òjò fà sára àpáta kò tíì wà níbi tó yẹ. Kí n sún sápá òsì. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àdúgbò tèmi, tí mò ń ya òkè bí àlejò, tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ sì ń tipasẹ̀ obìnrin Àbújá sọ fún mi pé kí n lọ síwájú, kí n padà díẹ̀, kí n tún sún. Màmá kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ rẹ́rìn-ín mi: "Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ ta òkè ni?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ló fẹ́ rí i.

Èsì tó dé lẹ́yìn náà kò gùn. "Ẹ dúró, mà. Ibẹ̀ ni."

Mo gbójú sókè wo ilé tí mo dúró tì. Ilé tí ọmọ mi ti lọ ṣe lẹ́sìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni. Ọkùnrin tó ni ín ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ó padà wálé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀. A máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọkọ wa. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Mo sọ orúkọ onílé fún obìnrin Àbújá, n kò sì mọ bí mo ṣe délé. Wọ́n ti fi dúdú bo ọmọ inú fọ́tò yẹn, mo sì ti dúpẹ́ nínú ara mi láàárọ̀ pé wọ́n bò ó. Ní báyìí, n kò fẹ́ ohun mìíràn láyé ju kí ẹnì kan ṣí dúdú náà. Mo bẹ obìnrin Àbújá kó sọ fún mi bí ọmọ náà ṣe ga tó, irú irun tó wà lórí rẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, àti pé kí n má yí ìṣe padà kí àṣírí má baà tú. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Mo se ọbẹ̀. Mo bá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ mi sùn, mo purọ́ fún un pé ara mi kò yá.

Wọ́n wọ ilé ọkùnrin náà bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, láìsí ariwo, wọn kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan fóònù rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ ní ìkángun àdúgbò, torí èmi ni òfin ní kí n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tèmi wà nílé tó ń múra ilé-ìwé. Ó yẹ kí ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí àwòrán àná bá jẹ́ tirẹ̀ ńkọ́?

Obìnrin Àbújá mú ọmọ kan jáde, ó ti ró ìró mọ́ ọn lára. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì rọra sọ fún mi pé ọmọ inú àwòrán nìyí, kò sí ọmọ mìíràn nínú wọn. Ọmọ mi kọ́.

"A dúpẹ́ o!" Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ọmọ náà gbọ́. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì kí mi, "Ẹ káàárọ̀, mà," bó ṣe máa ń kí gbogbo wa bó bá wá ṣí géètì fún àwọn ọmọ lẹ́sìn. Àwọn òbí rẹ̀ ló fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn kó lè kàwé nínú ìlú, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ti ń ro kòkó. Ojú tì mí, mo dì í mú.

Wọ́n rán ọlọ́kadà lọ pe bàbá rẹ̀. Aṣọ oko ló wọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé èjìká. Kí n tó sọ ohunkóhun, ó ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sílẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá tí ọmọ mi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá jí, màá san án. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò ní ilé-ìwé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, ọ̀gá ni mo mú un wá fún."

Ọmọ Aládé kọjú sí ògiri. Mo ní kí bàbá náà dìde, pé ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún un. Kò dìde. Ó ní òun kò ní dìde, àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ pé ọ̀gá ti dárí jì í.