Ẹ̀bùn Tí Ìyá Aránṣọ Fún Ara Rẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá aránṣọ, tépù ìwọnra ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọ kíláàsì kọ̀ǹpútà tí mo ń kọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, ìyá náà sì fẹ́ ta ara rẹ̀ lọ́rẹ.

"Tíṣà, àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra góòlù. Èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni tèmi."

Kò pẹ́ tó fi kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣírò bí aṣọ ṣe máa fẹ̀ tó. Ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà! Fi gé ṣẹ́ẹ̀tì fún mi. Bó bá bá mi mu, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kò bá bá mi mu, o ó fi kíláàsì yẹn sílẹ̀."

"Mo gbà, Bàbá."

Ṣẹ́ẹ̀tì náà fẹ̀ bí àpò. "Ta la jọ fẹ́ wọ̀ ọ́?" ni bàbá bi í.

Ó gbé ètò náà wá bá mi tìbànújẹ́tìbànújẹ́, ṣùgbọ́n n ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Mo ní kó wọn èmi náà kí n wò ó. Bó ṣe ń ka tépù ló ń fi ínǹṣì méjì kún un, bí àwọn aránṣọ ti máa ń ṣe kí aṣọ má baà há mọ́ni lára. Ètò rẹ̀ sì ti ń fi méjì tirẹ̀ kún un!

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ni kò gba kọ̀ǹpútà gbọ́!"

Ó tún un ṣírò, ó dín aṣọ náà, ó sì wá bá bàbá mu wẹ́kú. Bàbá ní kó máa bá kíláàsì rẹ̀ lọ.

Ìlà iwájú ni ìyá ń jókòó sí ní kíláàsì mi báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sì ni bàbá máa ń wọ̀ wá mú un lọ sílé.