Ìda Àtijọ́, Ìfun Tuntun

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe ń purọ́ fún etí ara rẹ̀, kó wá jókòó sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù Baba Elétí. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Alábẹ́là, ti ń ṣe àbẹ́là tó ń tà. Pákó lásán ló wà láàárín wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ lẹ́nu ọkọ, inú ìkòkò ìda ìyàwó ló ń já sí.

Ẹ̀rọ orin àtijọ́ ni Baba Elétí ń tún ṣe, àwọn tó tóbi bí àpótí aṣọ, tí wọ́n ń gbóná bí ààrò. Àwọn tó ń gbé e wá kì í ṣe ẹni tébi ń pa. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dijú, wọ́n á máa mi orí bí alángbá. Kapasítọ̀ àtijọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ ń wá. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Nǹkan kékeré bí ìka ọwọ́ ni, bébà ni wọ́n wé sínú ẹ̀, wọ́n wá fi ìda dí i lẹ́nu méjèèjì. Òun ló ń jẹ́ kí ohùn kọjá nínú ẹ̀rọ, tó sì ń dá iná dúró kó má bàa tẹ̀lé e. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́. Ìwọ̀nba tó kù, Baba Elétí ní tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ kan tó máa ń tì pa bí ẹni pé eyín ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìyẹn?" á wí fún oníbàárà. "Ohùn tó ní ẹran lára nìyẹn. Ti òde òní? Ike! Ike ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Lẹ́yìn ògiri, Ìyá Alábẹ́là á wúkọ́. Òtútù kọ́ ló mú un.

Kò sí kapasítọ̀ àtijọ́ kankan nínú dúrọ́ọ̀ yẹn mọ́. Èèpo wọn ló kù. Ìfun inú wọn, tuntun ni, ọ̀dọ̀ ọmọ tí Baba Elétí fẹnu ara rẹ̀ lé jáde nílé ló sì ti wá.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, áyánù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kì í gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi kapasítọ̀ tuntun sínú ẹ̀rọ, ó ní, "Bàámi, bébà inú ti àtijọ́ yìí ti gbó. Iná ti ń jò gba inú ẹ̀ kọjá. Ó máa jó nǹkan mọ́ wa lọ́wọ́."

Baba Elétí fa nǹkan náà yọ, ó tutọ́ sí i. "Kó ike ẹ, kó o máa lọ. Ẹni tí kò létí ò lè jogún mi."

Ọmọ náà kó ike ẹ̀ lọ lóòótọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sẹ́yìn gárèjì, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Ọmọ yẹn ti ń rìn báyìí, bàbá àgbà kò tíì mọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí.

Ohun tó sì sọ nípa iná tó ń jò, ó kúkú ṣẹ. Ẹ̀rọ kan gbiná nílé oníbàárà. Òmíràn ń rùn bí irun tó jó. Baba Elétí ní iná ìjọba ló fà á. Ìyá Alábẹ́là kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ òórùn ohun tó ń jó, ó sì mọ ẹsẹ̀ oníbàárà tí kò ní padà wá. Ó mú ọ̀kan nínú kapasítọ̀ náà, ó gbé e sí ooru ìkòkò rẹ̀ títí ìda ẹnu ẹ̀ fi yọ́, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìfun rẹ̀ jáde. Bébà dúdú, ó ti rọ̀ bí ewé tó jẹrà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀.

"Bá mi wá àbúrò eléyìí. Oníbàárà mi kan ló fẹ́ ẹ."

"Màámi, ẹni tó ń ra àbẹ́là ló ń wá kapasítọ̀?"

"Ṣé ò ń tà á ni, àbí ò ń ṣe ọlọ́pàá?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó kó o fún un. Tuntun kéré, inú èèpo àtijọ́ sì gbà á wẹ́kú. Ìyá Alábẹ́là da ìda sí i lẹ́nu, ó fi eérú pa á lójú kó má dán jù. Láti ìgbà náà, bí ọkọ ẹ̀ bá ti sun oorun ọ̀sán, á yọ kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, á pààrọ̀ ìfun wọn. Kò sí ẹ̀rọ tó gbiná mọ́. Oníbàárà ń rọ́ wá. Ìyìn ń mú Baba Elétí sanra.

Ìyìn kọ́ ni obìnrin náà ń wá. Ó fẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn wọlé kí ikú tó mú ẹnì kan nínú wọn. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ títí.

"Bàámi ní mi ò létí," lọmọ náà ń wí ṣáá. "Ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ mi dáa, ọjọ́ yẹn ni mo máa gbé ọmọ mi wá."

Ìyá Alábẹ́là rín ẹ̀rín sínú. Ẹnu wo ló tún kù tó máa fi sọ ọ́? Ṣebí gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ló ti gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ.

Ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ ti pé, kó gbé ọmọ náà dání, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó má tíì sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ni Ayọyín fẹ́ wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Dókítà eléyín ni. Igbe ló ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́, orin ló sì fi ń fọ etí.

Baba Elétí gbé àwo orin lé e. Obìnrin kan ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú ẹ̀. Ayọyín dijú, omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Bàbá, ẹ pa mí o. Ó dà bí ìgbà tí obìnrin yìí jókòó tì mí."

"Ẹ rọra, kí ìyàwó yín má gbọ́!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Baba Elétí wá ní, "Nínú gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ láyé mi, mi ò gbọ́ èyí tó dáa tó báyìí rí."

Gbólóhùn tí Ìyá Alábẹ́là ń retí nìyẹn. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Baba wọn, ẹ tún un sọ, kẹ́ni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́."

Baba Elétí gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀. Ojú ẹ̀ le. "Kí leléyìí ń wá?"

"Ìyìn rẹ̀ ló wá gbà." Ìyá Alábẹ́là mú kapasítọ̀ kan nínú dúrọ́ọ̀, ọmọ ìyá èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, ó là á. Ìfun rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, ó pọ́n fòò, ó ń dán. "Ike ọmọ yín lẹ ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí. Èmi ni mo ń fi sí i, gbogbo ẹ̀ pátá. Ohùn tó ní ẹran lára! Ọmọ yín ló ni ẹran náà."

Obìnrin inú àwo nìkan ló ń kọrin ẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé ilé ti dàrú.

Ayọyín ló kọ́kọ́ lanu. Ó nu ojú kíá. "Mo ní kí ló dé! Ó ti ń ṣe mí bákan létí látìgbà tí mo ti jókòó." Bẹ́ẹ̀, omijé kò tíì gbẹ lágbọ̀n ẹ̀ o!

Baba Elétí fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri. "Mo ti mọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ike níbẹ̀. Mo kàn ń fara dà á ni."

"Irọ́ lẹ ń pa, Baba wọn."

"Ìwọ tó ń jí kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ orí mi lo ń pe ènìyàn lópùrọ́?"

Ìyá Alábẹ́là yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó rò pé ibẹ̀ lòun á ti rí alátìlẹ́yìn. Ọmọ náà ti sún mọ́ tábìlì, ó ń yí èèpo tí ìyá rẹ̀ là lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ ní oníbàárà yín ló ń rà á."

"Torí tìrẹ ni mo..."

"Orúkọ mi ni mo fi ń tà á. Ẹni tó bá wù kó rà, ẹni tí kò bá wù kó fi sílẹ̀. Ẹ̀yin wá gbé aṣọ òkú wọ̀ fún un, kí Bàámi lè máa rí ìyìn gbà." Kò pariwo, ìyẹn ló sì dunni jù. "Bàámi tutọ́ sí iṣẹ́ mi lójú mi. Ẹ̀yin, ẹ̀yìn mi lẹ ti ṣe tiyín."

Ọmọ ọwọ́ ẹ̀ nawọ́ sí nǹkan tó ń dán lórí tábìlì. Bàbá ẹ̀ fà á mọ́ra, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rárá.

Ayọyín náà ní bó bá yá, òun á wá gbé ẹ̀rọ òun. Ó dìde, kò bojú wẹ̀yìn.

Baba Elétí da dúrọ́ọ̀ sórí tábìlì, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ojúlówó. Ike. Ike. Ike. Nígbà tí kò sí èyí tó máa là mọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé sípíkà ẹ̀rọ Ayọyín, ó dijú. Ìyá Alábẹ́là ń ṣa èèpo nílẹ̀. Ìda ṣáà ni, ó ṣì máa wúlò.

"Baba wọn, ṣé ẹ tiẹ̀ rí ọmọ ọmọ yín yẹn? Etí yín gan-an ló ní."

Ó gbọ́wọ́ sókè sí i. "Dákẹ́. Mò ń gbọ́ ike."

Obìnrin náà wolẹ̀. Wáyà ẹ̀rọ wà níbẹ̀ bó ṣe fà á yọ, kò tíì gbaná padà.