Ojú Olórin Tí Bàbá Mi Fẹ́ Rí

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi gbọ́ ohùn òyìnbó olórin kọ́ńtírì kan nínú rédíò. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tún ṣe ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí Ọjà Olúwo, kò sì sí ọjọ́ Sọ́ńdè tí gìtá ọkùnrin náà kì í dún níbẹ̀. Wọn ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, síbẹ̀ wọ́n á máa gbè é. "Ẹgbẹ́ mi ni," ni wọ́n máa ń wí, àfi bíi pé wọ́n jọ lọ ilé kéwú.

Lọ́dún tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, mo gbọ́ pé olórin náà fẹ́ kárí ayé láti dágbére. Bàálù ló ń kó iná, àwọn onígìtá àti pèpéle ẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Wọn ò dárúkọ tiwa. Ta ni ìbá dárúkọ wa? Mo fi fọ́tò ẹ̀ han bàbá mi, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Fọ́tò kọ́. Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀ níbi tó ti ń kọrin, kí n tó lọ."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, màá fi hàn wọ́n. Àwọn tó ṣètò eré náà máa gbé ti Ọsirélíà sáfẹ́fẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwa.

Ní Agric, ládùúgbò tí mò ń gbé, iná ò sí fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo ṣájì fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù bábà tó ń gẹrun, tó ní jẹnẹrétọ̀, nírọ̀lẹ́ Jímọ̀. Nígbà tó kún, mo pa á, kí bátìrì má baà lọ sílẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù. N ò tan án títí mo fi wọ mọ́tò láàárọ̀, títí mo fi kọjá Imota, títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ń fọ erùpẹ̀ kúrò lára ṣọ́bìrì lẹ́nu ọ̀nà.

"A pè yín títí, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni bàbá jáde láyé. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀."

Mo mọ̀. Ta ni n bá bá jà? Èmi ni mo pa fóònù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ayé sì sú mi.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá mi, mo tan fóònù. Bátìrì kún fọ́fọ́. Aago mẹ́wàá ti lù. Òyìnbó náà jáde, irun ẹ̀ ti funfun, ó fi gìtá kọ́rùn. Gbogbo ibi tí ojú ẹ̀ ti hunjọ ni mo rí kedere. Ti bàbá mi ni n ò rí.